Akàn Tó Gún Pèrègún Ààlà Ìdí-Àfọ̀n

Irọ́ ni. Ẹ bá mi sọ fún Tísà Àjíbóyèdé pé mo ní irọ́ ni. Ṣé torí pé ó kàwé ló ṣe wá ń sọ fún ẹ̀yin ọmọ pé oríkèé ẹsẹ̀ akàn ni kò jẹ́ kó lè rìn tààrà? Ta ló sọ fún un? Ṣé ó bi akàn léèrè ni? Èmi tí ẹ ń wò yìí, kíláàsì kejì ni mo ti sá kúrò níléèwé, wọn ò sì rí mi mú títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yìí ti tẹ Ṣakí, ó ti tẹ Kìṣí, ó ti tẹ Ìgbòho, mo sì ti mu omi odò tí Tísà ò lè pe orúkọ ẹ̀. Ẹni tó sọ ìtàn yìí fún mi gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu akàn fúnra ẹ̀.

Ẹ tún bá mi sọ fún un pé òwe tó ń pa fún yín yẹn, pé ojú lalákàn fi ń ṣọ́ orí, kò mọ̀dí ẹ̀. Kì í ṣe orí ni akàn ń ṣọ́. Ẹ jókòó, ẹ ó gbọ́ ohun tó ń ṣọ́. Ìwọ, gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí bàtà mi.

Nígbà láéláé, kí pèrègún ààlà Ìdí-Àfọ̀n tó hù, tààrà ni akàn máa ń rìn. Kò sí ẹranko tó ń rìn gún tó o. Tó bá gbéra níbí, tó dojú kọ ọ̀hún, ńṣe ló máa lọ bí òwú tí aránṣọ fà le. Kò ní wo ọ̀tún, kò ní wo òsì. Àwọn ìyá ẹranko a máa sọ fún ọmọ wọn pé, "Rìn dáadáa, rìn bí Akàn." Akàn náà a gbọ́, orí ẹ̀ a sì wú.

Ìdí-Àfọ̀n ni wọ́n ń pe ilẹ̀ tó ń gbé. Ẹkùn ìdìbò kan ṣoṣo ni. Tó o bá gun àpáta Ọlọ́wọ̀ lókè, o máa rí i tán: pápá eèsún lápá ìlà-oòrùn, igbó dúdú lápá ìwọ̀-oòrùn, odò Àwẹ̀sùn láàárín wọn, tó ń yí kọ́lọkọ̀lọ bí ejò tó yó. Nísàlẹ̀ pátápátá ni igi àfọ̀n ńlá kan wà. Abẹ́ ẹ̀ ni wọ́n ti ń dìbò. Olúkúlùkù á mú òkúta wẹ́wẹ́ kan, á gbé e síwájú ẹni tó bá fẹ́. Ẹni tí òkúta ẹ̀ bá pọ̀ jù ló máa lọ jókòó sórí àga Ìdí-Àfọ̀n ní Ilé Ìgbìmọ̀, lọ́dọ̀ Erin tí í ṣe ọba gbogbo wọn, níbi tí wọ́n ti ń ṣòfin omi àti òfin iná oko.

Ìgalà ló kọ́kọ́ lọ. Sáà méjì ló lò, kò la ẹnu sọ̀rọ̀ rí, ṣùgbọ́n ó dùn ún wò lórí àga. Lẹ́yìn ẹ̀ ni Ọ̀bọ lọ. Ìyẹn sọ̀rọ̀ débi pé wọ́n ní kó máa dúró síta. Lẹ́yìn Ọ̀bọ, wọ́n dìbò fún Ìgbín. Ojú ọ̀nà ni Ìgbín ṣì wà nígbà tí sáà ẹ̀ fi pé. Ó kàn yíjú padà ni, ó ń bọ̀ wálé.

Bí wọ́n ṣe ń bá ayé wọn lọ nìyẹn. Akàn ò bá wọn du àga. Inú amọ̀ létí odò ni ihò tiẹ̀ wà. Ìyá ẹ̀ ń gbé láàárín òkúta, etí odò kan náà, kò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀. Tí ìyá bá wúkọ́, ọmọ á gbọ́.

Ẹ gbọ́ nǹkan kan nípa ìyá akàn. Lọ́dọọdún, tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, èèpo ẹ̀yìn ẹ̀ á fún un mọ́lẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ bọ́ ọ, tí kò bá bọ́ ọ, á fún un pa. Tó bá sì bọ́ ọ tán, ara ẹ̀ á rọ̀ bí ògì, kò ní lágbára kankan, fún odidi ọjọ́ méje. Alégbà, alángbá ńlá etí odò tó ń jẹ akàn, mọ ọjọ́ méje yẹn ju ẹnikẹ́ni lọ. Nítorí náà, ọmọ ní láti dúró lẹ́nu ihò kó na ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì sókè, títí ẹ̀yìn ìyá á fi tún le.

Ìyá Akàn kì í bọ́ èèpo ẹ̀ láìkọ́kọ́ bi ọmọ ẹ̀ léèrè. Á wà nínú ihò, á ní, "Àjàní, ṣé o wà níbẹ̀?"

Akàn á ní, "Mo wà níbí, Ìyá mi."

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, mo lè bọ́ṣọ nìyẹn."

Ọdọọdún ni. Kò sí ọdún tí wọn ò sọ ọ́.

Ó wá di ọdún kan, Erin ní kí wọ́n ka orí gbogbo ẹranko. Wọ́n ka ti Ìdí-Àfọ̀n, wọ́n kà á tì. Àwọn ọmọ Ọ̀yà nìkan, nígbà tí wọ́n bá ka mẹ́wàá tán, ogún mìíràn á tún jáde nínú eèsún. Erin ní orí wọn ti pọ̀ ju àga kan lọ, kí wọ́n pín ẹkùn náà sí méjì ọgbọọgba, kí apá kọ̀ọ̀kan mú ẹni tiẹ̀ wá.

Ta ni inú ẹ̀ dùn ju Ọ̀yà lọ? Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti jáde fún àga yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn ará igbó àti àwọn ará òkúta fi òkúta wẹ́wẹ́ wọn síwájú ẹlòmíràn. Wọ́n ní eyín ẹ̀ ti gùn jù, pé tó bá débẹ̀, òfin ló máa fi eyín náà jẹ. Ọ̀yà wá jókòó, ó rò ó. Ó rí i pé tí wọ́n bá fa ìlà tààrà láti àpáta Ọlọ́wọ̀ títí dé ìdí àfọ̀n, pápá eèsún àti àwọn ará amọ̀ á bọ́ sọ́dọ̀ òun. Ìyẹn á tó o. Ṣùgbọ́n tí ìlà náà bá yà níbi kankan, tó lọ kó àwọn ará òkúta mọ́ wọn, ọ̀rọ̀ òun tún ti bàjẹ́.

Ló bá gba ọ̀dọ̀ Akàn lọ.

"Ẹ̀gbọ́n Akàn," ló wí, "ta ló tún lè fa ìlà yìí tí kò bá ṣe ẹ̀yin? Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e fún Ejò ná, kẹ́ ẹ wo bí ẹkùn wa á ṣe rí."

Akàn rẹ́rìn-ín títí. Ó bi í pé kí ni wọ́n máa fi fa ìlà náà. Ọ̀yà ní ọ̀pá pèrègún ni, pé ó ti gé e sílẹ̀ láti oṣù tó kọjá, ó ti gbẹ. Ó ní tí wọ́n bá ti dìbò tán, àwọn á fà á tu, àwọn á fi dáná. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun má ṣe wẹ̀gbẹ́ o, pé ẹni tó ń fa ìlà kì í wẹ̀gbẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ àgbẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ̀ pé pèrègún kì í gbẹ. Gé e, jù ú sẹ́yìn ilé, gbàgbé ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ọjọ́ tó o bá gún un mọ́lẹ̀ ló ń wá omi. Ṣùgbọ́n Akàn mọ omi ni, kò mọ oko. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ti sọ pé pèrègún ààlà tó bá ti ru ewé, a kì í fà á tu, ẹni tó gún un gan-an ni kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án rárá. Akàn gbọ́ eléyìí rí. Ó kàn rò pé igi gbígbẹ lòun ń gún ni.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa fa ìlà, Erin ránṣẹ́ sí i. Ó ní tó bá dé ibi tó ṣòro, kó yà díẹ̀, kò sóhun tó máa ṣe é.

Akàn wo ìránṣẹ́ lójú. "Lọ sọ fún Kábíyèsí pé Akàn ni wọ́n rán. Akàn kì í yà."

Ó kó ọ̀pá pèrègún sí abẹ́ apá, ó gbéra láti orí àpáta. Á gún ọ̀kan, á sọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà máa ń sọ tí wọ́n bá ń gún ààlà: "Ibi tí mo fi ọ́ sí, má kúrò níbẹ̀." Á tún ṣísẹ̀, á tún gún òmíràn. Àwọn ẹranko tò sọ́tùn-ún sósì, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń kan sáárá sí i. Nígbà tó dé etí odò, ó gbọ́ ohùn ìyá ẹ̀ lápá kan.

"Àjàní, kú iṣẹ́ o. Yà wá mu omi."

Akàn gbọ́ dáadáa. Kò yíjú. Iwájú ló ń wò. Ó ní, "Mò ń bọ̀, Ìyá mi," ó sì gún ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ fún un pé kó má kúrò níbẹ̀.

Ìgbà tó dé ìdí àfọ̀n ló tó wẹ̀yìn. Ìlà náà gún débi tí èèyàn fi lè sunkún. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ìgbà yẹn náà ló rí i pé ihò tòun wà níhà ìhín, òkúta ìyá òun wà níhà ọ̀hún. Ó wá sọ fún ara ẹ̀ pé igi ìdáná ṣáà ni, ọjọ́ mélòó ló kù tí wọ́n máa dìbò?

Wọ́n dìbò. Ọ̀yà wọlé. Erin wá fi àṣẹ lé e. Ó ní orí tí wọ́n kà níhà ìhín àti orí tí wọ́n kà níhà ọ̀hún dọ́gba, kò fi ọ̀kan jura wọn lọ. Orí kankan ò gbọdọ̀ kọjá pèrègún. Ẹkùn tí orí ẹ̀ bá fi ẹyọ kan dín, àga ẹ̀ ti bọ́ nìyẹn.

Akàn lọ bá Ọ̀yà pé kí wọ́n wá fà á tu. Ọ̀yà ní ó di ọ̀la. Lọ́la, ó ní ó di ọjọ́ ọjà. Lọ́jọ́ ọjà, ó ti lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn, ìyá àti ọmọ ń wá sídìí ìlà láàárọ̀, wọ́n ń kí ara wọn láàárín ọ̀pá méjì. Ìyá á na ọwọ́, ọmọ á na ọwọ́, á ku díẹ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo pèrègún láti orí àpáta dé ìdí àfọ̀n ti ru ewé. Ewé tútù, gígùn, tó ń dán. Akàn dúró, ó ń wò wọ́n. Láti ẹ̀yìn ewé ló ti gbọ́ ohùn náà.

"Àjàní, ṣé o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí, Ìyá mi."

"Ohùn ẹ jìnnà. Ẹ̀yìn mi ti ń fún mi. Sún mọ́ bí."

"Mò ń bọ̀, Ìyá mi."

Ó sáré lọ bá Ọ̀yà. Ọ̀yà ń jẹ eèsún. Akàn bẹ̀ ẹ́ títí ìtọ́ fi ń hó lẹ́nu ẹ̀. Ó ní ọjọ́ méje péré lòun ń tọrọ, òun á padà wá. Ọ̀yà ò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Ẹ̀gbọ́n Akàn, ẹ̀yin lẹ gún un. Ṣé ẹnu tèmi lẹ fi sọ pé kó má kúrò níbẹ̀ ni?"

Ó lọ bá Erin. Erin gbọ́, ó mi orí, ó ní àánú ẹ̀ ṣe òun, ṣùgbọ́n orí tí wọ́n ti kà, wọ́n ti kà á. "Mo ní kó o yà díẹ̀," ló wí.

Akàn bá padà sídìí pèrègún. Ó ní ohun tó bá máa ṣẹlẹ̀ kó ṣẹlẹ̀, òun máa kọjá. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè nígbà tí Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́, ará amọ̀ bíi tiẹ̀, kó àwọn ọmọ ẹ̀ jáde, gbogbo wọn sì dúró síwájú ẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Akàn," ló wí, "mi ò ní dì yín mú. Ìyá ni ìyá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iná oko ni wọ́n ń sọ ní Ilé Ìgbìmọ̀ lọ́dún yìí. Ẹ jẹ́ ká gbà pé Ọ̀yà ò dáa, òun náà ò ṣáà fẹ́ jóná. Tẹ́ ẹ bá kọjá, àga wa bọ́. Ta ló máa sọ fún wọn pé kí wọ́n má tanná sétí amọ̀, níbi tí àwọn wọ̀nyí ń sùn sí?"

Akàn wo àwọn ọmọ ọ̀pọ̀lọ́. Wọ́n kéré, wọ́n ò tíì ní ohùn. Ó gbé ẹsẹ̀ náà kalẹ̀ síbi tó ti gbé e.

Ó gbìyànjú kó gba abẹ́ ilẹ̀ kọ́wọ́ òun tiẹ̀ lè tó ìyá òun. Ó gbẹ́ ilẹ̀ títí. Gbòǹgbò ló bá pàdé. Gbòǹgbò ti di mọ́ gbòǹgbò láti ìdí igi kan dé ìdí èkejì, bí ẹni pé ẹnì kan hun wọ́n. Ohun tó sọ fún wọn ni wọ́n ń ṣe.

Ó wá kù kí ni? Ó dojú kọ ilé ìyá ẹ̀. Kò lè lọ síwájú, kò sì jẹ́ kẹ́yìn ẹ̀ kọ ọ̀hún, nítorí kó má baà jẹ́ pé ìgbà tí òun yíjú ni Alégbà máa dé. Ló bá ń fi ẹ̀gbẹ́ lọ. Á fi ẹ̀gbẹ́ lọ dé ìdí ọ̀pá yìí, á wo àlàfo. Á fi ẹ̀gbẹ́ padà dé ìdí ọ̀pá yẹn, á tún wo àlàfo. Ewé ń ga sí i. Ojú ẹ̀ tó wà lórí pẹrẹsẹ tẹ́lẹ̀ bíi ti gbogbo wa, ó nà án, ó nà án, títí ojú náà fi yọ sókè bí orí olú. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè kí Alégbà lè rí i láti ọ̀nà jíjìn, kó rò pé ó wà lẹ́nu ihò. Ó ń pariwo pé, "Mo wà níbí, Ìyá mi." Òjò ń rọ̀, odò ti kún, ó ń hó lórí òkúta. Mi ò lè sọ fún yín bóyá ìyá ẹ̀ gbọ́.

Ọjọ́ méje ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Kò jẹun.

Lọ́jọ́ kẹjọ, òjò dá. Ó na ojú sókè, ó rí nǹkan lẹ́nu ihò ìyá ẹ̀. Èèpo ni. Odidi èèpo akàn, pẹ̀lú ẹsẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́, kò sí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé èèpo tí akàn bọ́ sílẹ̀ tó sì bá tiẹ̀ lọ, àti èèpo akàn tí wọ́n ti jẹ inú ẹ̀ tán, tó o bá wò ó láti òkèèrè, ọ̀kan náà ni.

Alángbá kan ń yáàrùn lórí òkúta níhà ọ̀hún. Akàn kígbe pè é. Ó ní, "Alángbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìyá mi bọ́ṣọ tán, ó ti lọ síbòmíràn?"

Alángbá mi orí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ara Akàn wálẹ̀. Ó tún rò ó wò. Ó ní, "Àbí Alégbà ló wá?"

Alángbá tún mi orí.

Akàn bi í títí ilẹ̀ fi ṣú. Gbogbo ohun tó bá bi í, Alángbá á mi orí. Ìwà wọn ni, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n.

Sáà Ọ̀yà parí, wọn ò dìbò fún un mọ́. Erin tó fi àṣẹ lé e ti kú. Wọ́n ti pín Ìdí-Àfọ̀n sí mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà yẹn, wọ́n tún ti so ó pọ̀ di ọ̀kan, wọ́n ti yí orúkọ ẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti pẹ́ tí àṣẹ yẹn ti parẹ́. Ẹnikẹ́ni ló lè kọjá láàárín pèrègún lónìí. Mo ti gba ibẹ̀ kọjá fúnra mi, pẹ̀lú ẹrù lórí, kò sẹ́ni tó bi mí pé níbo ni mò ń lọ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rántí sọ fún Akàn.

Láti ọjọ́ náà ni akàn ò ti rìn tààrà mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ló fi ń rìn, ọwọ́ ẹ̀ wà lókè, ìtọ́ ẹ̀bẹ̀ ṣì ń hó lẹ́nu ẹ̀, ojú ẹ̀ yọ síta, ó ń wo ihò kọ̀ọ̀kan bóyá ẹnì kan á bi í pé ṣé ó wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà sì ni pèrègún ti ń dúró níbi tí wọ́n bá fi í sí.

Ó tán. Ẹ lọ sọ ọ́ fún Tísà, kẹ́ ẹ wo bó ṣe máa ṣe ojú. Ìwọ tó o fẹsẹ̀ lé bàtà mi lẹ́ẹ̀kan, dìde. Ṣé o rí obìnrin tó ń dín àkàrà lábẹ́ igi lọ́hùn-ún yẹn? Lọ ra mẹ́fà wá fún mi àti ẹ̀kọ méjì, kó yọ èyí tó gbóná. Àwọn kan ń ta akàn yíyan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Má ra ìyẹn. Mi ò jẹ ẹ́. Gba tààrà lọ, kó o sì yà tó bá yẹ kó o yà.